Ìbéèrè Yín: Ọdún Wo Ni Wọ́n Ṣe Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin tèmi. Mo kàn dárúkọ kẹ̀kẹ́ ológeere gààràgà lóṣù tó kọjá ni o, pé méjì wà nílé mi ní Nyanya tí ìyàwó mi ń bínú sí, mo rò pé bóyá èèyàn méjì mẹ́ta ló máa kọ̀wé. Àfi bíi pé mo lu agogo láàárín ọjà. Gbogbo ẹni tí bàbá ẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ láti Ilọrin dé Maiduguri ló fẹ́ mọ ọjọ́ orí ẹ̀. Mo mú mẹ́rin nínú ẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Akọ̀wé rélùwéè ni bàbá mi ní Zaria, ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì ni wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọn bọ̀ wá sí Ọ̀ffà. Wọ́n papò dà lọ́dún tó kọjá, mo bá gbé e wá sí Kubwa torí kò sẹ́ni tó dù ú. Raleigh ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀. Bírékì ẹ̀ ò ní wáyà, irin gbọọrọ ló ń fà á. Orí adìẹ ni wọ́n gbẹ́ sára jíà ńlá tí ṣéènì ń yí lé. Họ́ọ̀bù iwájú, irin àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí súpókì so mọ́ yẹn, tóbi bí agolo mílíìkì, ti ẹ̀yìn kọ STURMEY-ARCHER, ó kọ AW, ó wá kọ 59 àti 11. Ihò kékeré kan tún wà níbi ọrùn fọ́ọ̀kì, irin tó di ẹsẹ̀ iwájú mú, ẹrẹ̀ ti dí i pa. Bùrọ̀dá mi ní kẹ̀kẹ́ 1940 ni, pé ti ayé ogun Hitler. Màámi ní irọ́ ni, pé ọdún òmìnira ni bàbá rà á, torí kẹ̀kẹ́ náà ni wọ́n fi gbé òun lọ wo ìran níjọ́ náà. Ta ni kí n gbà gbọ́? *Ọmọ Ọ̀ffà, Kubwa.*

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ara fẹ́ra kù o, kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere.

Màámi yín ló jàre. Ẹ ní kí bùrọ̀dá lọ dọ̀bálẹ̀.

Ohun tí ẹ kà lára họ́ọ̀bù ẹ̀yìn yẹn ni ìwé ọjọ́ ìbí. AW lorúkọ irú họ́ọ̀bù náà, jíà mẹ́ta ló wà níkùn ẹ̀, ọdún 1936 ni ilé iṣẹ́ Sturmey-Archer ti Nottingham nílùú Gẹ̀ẹ́sì gbé e jáde. 59 ni ọdún, 11 ni oṣù. Oṣù kọkànlá 1959 nìyẹn. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀: kí wọ́n tó fi họ́ọ̀bù yẹn sára kẹ̀kẹ́, kí kẹ̀kẹ́ tó wọ ọkọ̀ ojú omi, kó sọ̀ sí Apapa, kó tún wọ rélùwéè gòkè wá sí Zaria, kí bàbá tó wá kówó ẹ̀ jọ, ṣebí 1960 ti wọlé nìyẹn. October 1 ọdún yẹn la gba òmìnira. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ lọ wo ìran kì í gbàgbé ọjọ́ tó jókòó síbẹ̀ o.

Àmọ́ ẹ má tíì bẹ́ fáyọ̀. Ọjọ́ orí ara ẹ̀ ni họ́ọ̀bù ń sọ, kò mọ ti férémù. Ọwọ́ àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbí le, táyà kan fọ́, wọ́n á yọ odidi ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mìíràn wá fi sí i, kẹ̀kẹ́ á wá di ẹni tó wọ bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wá ẹlẹ́rìí kejì. Ẹ ti ní i nílẹ̀ láìmọ̀: agolo mílíìkì iwájú yẹn. Dynohub lorúkọ ẹ̀, dáínámò ló wà nínú ẹ̀ tó ń tan iná fún kẹ̀kẹ́ bí táyà bá ṣe ń yí, Sturmey-Archer náà ló ṣe é, wọ́n sì máa ń tẹ ọdún sí òun náà lára. Ẹ wá a dáadáa. Tí iwájú náà bá kọ 59 tàbí 60, ó ti parí, ẹnikẹ́ni ò pààrọ̀ nǹkan kan. Ẹ tún ka súpókì, 32 níwájú, 40 lẹ́yìn, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń há a nìyẹn nígbà náà.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín níbí o, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ikùn Dynohub yẹn. Mágínẹ́ẹ̀tì ńlá kan wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá ti fa wáyà tó wà láàárín ẹ̀ jáde láìfi irin mìíràn dí àyè ẹ̀ lọ́gán, agbára mágínẹ́ẹ̀tì náà á lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì ní padà. Ẹni tó tú u á dá a padà ní mímọ́ tónítóní, á dán gbinrin, iná ẹ̀ á wá dà bí iná àtùpà tí epo ẹ̀ ti tán. Tí kò bá tan, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ gílóòbù, kẹ́ ẹ wo wáyà ìta. Ibẹ̀ ni wàhálà máa ń wà.

Adìẹ kọ́ ni wọ́n gbẹ́ sára jíà o, mo rẹ́rìn-ín débi pé omijé jáde lójú mi. Ẹyẹ odò ọlọ́rùn gígùn ni, ẹbí lékeléke. Àmì Raleigh ni. Àwọn ilé iṣẹ́ yẹn máa ń fi jíà ńlá sọ orúkọ ara wọn: tí ẹ bá rí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn níbẹ̀, Rudge nìyẹn, tí ẹ bá rí àwọn èèyàn kéékèèké, Humber ni. Raleigh náà ló sì ra àwọn méjèèjì nígbà tó yá, Humber ní 1932, Rudge ní 1943, torí ẹ̀ ni kò ṣe yẹ kó yà yín lẹ́nu tí ẹ bá rí Rudge tí gbogbo ara ẹ̀ jọ Raleigh àfi ọwọ́ yẹn.

Ó wá ku irú Raleigh tó jẹ́. Bírékì onírin pẹ̀lú táyà 28 (ẹ yẹ ẹ̀gbẹ́ táyà wò, 28 x 1½ ló yẹ kó wà níbẹ̀), kẹ̀kẹ́ àgbàlagbà ni, irú tí wọ́n ń pè ní Tourist. Ihò tí ẹrẹ̀ dí yẹn ló wá dùn mọ́ mi jù nínú lẹ́tà yín. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gbọ́n ẹrẹ̀ yẹn jáde díẹ̀díẹ̀. Ihò kọ́kọ́rọ́ ni! Èèyàn á yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á tì í, olè tó bá gùn ún á kàn máa yí po lójú kan. Ìran Superbe ló ń ní irú ẹ̀, òun ni ti ọlọ́lá láàárín wọn, ó sì máa ń bá Dynohub rìn. Akọ̀wé rélùwéè tó ra Superbe ní 1960, bàbá yín gbáfẹ́ o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Màámi bóyá kọ́kọ́rọ́ pẹlẹbẹ kékeré kan wà nínú àpótí wọn tí wọn ò mọ ohun tó ń ṣí.

ÌBÉÈRÈ: Sannu, Ọ̀gá. Sabon Gari ní Kano ni mo ń gbé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, bàbá bàbá mi ló kọ́kọ́ débí. Alhaji kan fẹ́ ta Raleigh fún mi, ó ní 1930 ni, wallahi pé ti òyìnbó gidi ni, 300,000 náírà ló ń pè é. Ó dúdú, ó ń dán bíi tuntun. Sìkúrúù méjì ló di báàjì iwájú ẹ̀ mú. Ó ní kí n wo AW lẹ́yìn, pé òun ló fi hàn pé ọjà àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò rí nọ́ńbà kankan lábẹ́ ẹ̀. Kí n sanwó? *Ọmọ Ṣọ̀ún, Kano.*

ÌDÁHÙN: Ẹ fọwọ́ sápò, ẹ má sanwó.

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á lókè pé 1936 ni AW dáyé. Tí AW yẹn bá bá kẹ̀kẹ́ wá látilẹ̀, kò lè jẹ́ 1930 láé. Tí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wá a fi sí i ni, àkópọ̀ lẹ ń rà nìyẹn. Ọ̀nà tí Alhaji bá gbà, kò gbà á já.

Ẹ padà lọ, ẹ mú kẹrosíìnì díẹ̀, àkísà, àti ṣọ́ọ̀kì funfun táwọn tíṣà ń lò. Ẹ nu gírísì ara họ́ọ̀bù kúrò, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kẹ́ ẹ wá fi ṣọ́ọ̀kì ra á lójú, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò nu ojú ẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì á dúró sínú ibi tí wọ́n tẹ̀, nọ́ńbà á hàn ketekete. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo lẹ rí, bíi 8, tí ṣáájú ogun lè jẹ́ nìyẹn, 1938. Tó bá jẹ́ méjì, 52, 64, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n kà báyìí.

Kí n sọ tèmi fún yín. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó àìsàn kẹ̀kẹ́ yìí, mo ra ọ̀kan ní Kaduna lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ẹnu ẹ̀ dùn ju oyin lọ, báàjì Raleigh, ọ̀dà dúdú, gbogbo ẹ̀. Mo gbé e dé Nyanya, pẹ́dà ń ró kẹ́kẹ́kẹ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá Hausa tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà wa. Bàbá tú ìsàlẹ̀ férémù, wọ́n mú kọ́ọ̀pù, irin roboto tí ọ̀pá pẹ́dà ń yí nínú ẹ̀, ti Raleigh tòótọ́ tó ti wà nínú agolo wọn tipẹ́, wọ́n yí i wọlé, ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí ààbọ̀, ó há gbagidi. Wọ́n fà á jáde, wọ́n wò ó, wọ́n gbójú sókè wò mí bí ẹni ń wo ọmọ òrukàn. Raleigh ló ní tírẹ́ẹ̀dì tiẹ̀ lọ́tọ̀ níbẹ̀, ìlà 26 nínú íńṣì kan, àwọn tó kù ń lo 24. Férémù yẹn ò fojú kan Nottingham tí wọ́n ti ń ṣe Raleigh rí. Nígbà tá a ha ọ̀dà ẹ̀, a rí ibi tí wọ́n ti fi fáìlì pa "Made in" nǹkan kan rẹ́.

Torí náà, báàjì onísìkúrúù yẹn, mi ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, rífẹ́ẹ̀tì ni Raleigh fi ń kan tiwọn mọ́lẹ̀. Ẹ wo ejìká fọ́ọ̀kì náà. Ti Raleigh rí roboto lójú méjèèjì bí ìbọ̀ka tí aránṣọ fi ń ti abẹ́rẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kúróòmù. Ọ̀dà tuntun ló máa ń bo irú nǹkan báyìí mọ́lẹ̀. Íńdíà náà ń ṣe kẹ̀kẹ́ tó dáa o, Raleigh gan-an ní iṣẹ́ tí wọ́n jọ ṣe ní Asansol nígbà kan, Sen-Raleigh ni wọ́n pè é, kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí Alhaji pè é lórúkọ ẹ̀, kí wọ́n sì gba owó tó tọ́ sí i.

ÌBÉÈRÈ: Ìbọn mẹ́ta ló wà lára kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Jos, BSA ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ṣé kẹ̀kẹ́ sójà ni? *Ìyá Ìbejì, Jos.*

ÌDÁHÙN: Ìbọn yẹn nìkan ò fi hàn bẹ́ẹ̀, Ìyá Ìbejì. Birmingham Small Arms ni BSA, ìbọn ni wọ́n ń ṣe láti 1861 kí wọ́n tó kọjú sí kẹ̀kẹ́, wọ́n kàn gbé àmì ìbọn wọn sára ẹ̀ ni. Lóòótọ́ wọ́n ṣe èyí tó ń ká sí méjì fún àwọn sójà tó ń fi páráṣúùtù bọ́ nígbà ogun Hitler, àmọ́ tí tiyín ò bá ká, kì í ṣe irú ìyẹn. 1957 ni Raleigh ra ẹ̀ka kẹ̀kẹ́ wọn, nítorí náà tí ẹ bá rí nǹkan Raleigh lára ẹ̀ látilẹ̀, bí ejìká roboto tí mo sọ lókè yẹn, kì í ṣe ṣáájú ọdún náà ni wọ́n ṣe é.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Minna. Mo rí Hercules kan lẹ́yìn ilé bàbá àgbà mi, jíà kan ṣoṣo ló ní, kò sí nọ́ńbà lára họ́ọ̀bù, ìpẹtà ti jẹ gbogbo ẹ̀. Páànù pélébé kan wà lábẹ́ ìjókòó tí wọ́n fi wáyà so. Mo fẹ́ fi sáńpépà ha gbogbo ẹ̀ kí n kùn ún ní pupa. Ṣé mo lè mọ ọdún ẹ̀? *Kọ́lá, Minna.*

ÌDÁHÙN: Kọ́lá, fi sáńpépà yẹn sílẹ̀ o. Mo ní fi í sílẹ̀!

Páànù yẹn lo máa kọ́kọ́ mú. Láyé ijọ́un, èèyàn ò lè gun kẹ̀kẹ́ láìgba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, wọ́n á fún ọ ní páànù kékeré, wàá so ó mọ́ ọn. Má rẹ́rìn-ín, ó ṣì wà nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 títí di òní pé iṣẹ́ lókà ni láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ti ọkọ̀ ojú omi àti bárò. Fi omi ọṣẹ rọra fọ̀ ọ́, má fi nǹkan líle ha á. Tó o bá rí ọdún lára ẹ̀, ká ní 1963, a ti mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ náà ti wà lọ́dún yẹn, wọ́n sì lè ti ṣe é ṣáájú ìgbà náà.

Lẹ́yìn náà, wá ibi tí wọ́n kọ ìlú sí lára báàjì. Birmingham ni wọ́n dá Hercules sílẹ̀ ní 1910, ó di ti Raleigh ní 1960, wọ́n sì ń ṣe tiẹ̀ ní Íńdíà náà, torí náà ilẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ṣe pàtàkì. Wá nọ́ńbà férémù náà, yẹ abẹ́ ìjókòó wò, yẹ ìdí pẹ́dà wò. Gbogbo àwọn ìlà wúrà tíntìntín àti lẹ́tà tó kù lára ọ̀dà yẹn, sáńpépà ò ní dá ọ̀kan sí. Fi epo ẹ̀rọ àti àkísà nu ún, ya fọ́tò ẹ̀ lápá òsì àti ọ̀tún, ya páànù yẹn lẹ́yìn àti níwájú, kó o fi ránṣẹ́ sí mi kó tó di pé o ra ọ̀dà pupa kankan.