Kí ni iṣẹ́ àbàwọ́n ara aṣọ ológun?

Wọ́n ní nítorí kí sójà lè jọ ewé ni wọ́n ṣe ń ya aṣọ rẹ̀ ní kàlákìní, bí agẹmọ ṣe ń pa àwọ̀ dà. Irú àlàyé wo nìyẹn? Ẹkùn ni kẹ́ ẹ fi wé e. Ara ẹkùn kò jọ ewé rárá, síbẹ̀ á dúró sínú igbó, ojú ò ní tó o. Tótòtó ara rẹ̀ ti gé e sí wẹ́wẹ́, a ò mọ ibi tí ẹ̀yìn rẹ̀ parí sí. Kámúfíláàjì nìyẹn.

Faransé ló ni ọ̀rọ̀ náà, ohun tó dúró fún ni kéèyàn para dà. Ṣòkòtò pupa fòò làwọn sójà wọn wọ̀ lọ sógun ní 1914! Nígbà tó di 1915, wọ́n ti bọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n sì kó àwọn ayàwòrán jọ sábẹ́ ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Guirand de Scévola láti máa fi ọ̀dà bo ìbọn ńlá. Ẹ kíyè sí i: ayàwòrán ni wọ́n pè, wọn ò pe aláró. Ítálì tẹ irú àbàwọ́n yìí sára aṣọ àgọ́ ní 1929, Jámánì tẹ̀ lé e ní 1931.

Èjìká àti orí lojú èèyàn máa ń kọ́kọ́ wá. Nítorí náà, àbàwọ́n dúdú gbọ́dọ̀ gba etí èjìká kọjá, kí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó tóbi wà fún ọ̀nà jíjìn, wẹ́wẹ́ wà fún ìtòsí. Ibẹ̀ ni Amẹ́ríkà ti ṣì í ní 2004: aṣọ tí àbàwọ́n rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, aláwọ̀ eérú, tí kò ní dúdú kankan. Téèyàn bá ti jìnnà díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á pò pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo, sójà á hàn gedegbe. Ní 2015 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Àwọn tó ń fi sítáàṣì lọ aṣọ yìí kó lè gan, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Ewé máa ń dá ìtànṣán kan tí ojú wa kò rí padà, awò tí wọ́n fi ń ríran lóru sì ń rí i. Wọ́n po aró aṣọ náà kó lè ṣe bí ewé. Sítáàṣì ń bà á jẹ́. Ọṣẹ tó ń mú aṣọ funfun tàn tún burú jù, torí ńṣe ni aṣọ á máa tàn ju bó ṣe yẹ lọ. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò ní ohun tó ń mú aṣọ tàn nínú ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ sá a síbòji.