Ta Ló Ní Kí Ẹ Sanwó Kí Ọmọ Yín Tó Wọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìjọba ní Texas?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Nọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, ilé-ìwòsàn kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Texas ló gbà á síṣẹ́. Oṣù tó kọjá ni èmi àti àwọn ọmọ dé bá a: ìbejì ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, àti Ìdòwú tí yóò pé ọdún márùn-ún ní oṣù kẹwàá. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ ọkọ mi la ṣì wà, a kò tíì rílé gbà. Gíríìnì káàdì wa wà lọ́nà, nọ́ńbà Social Security àwọn ọmọ kò sì tíì dé. Arákùnrin kan ní Houston ní òun máa ń bá àwọn ará wa ṣètò ilé-ẹ̀kọ́, 150 dọ́là lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan, fún fọ́ọ̀mù àti fún ọ̀gá. Ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ìlú tí a wà kéré jù, òun á fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn bá wa wọ ti ìlú ńlá tó wà nítòsí. Ta ni kí a rí, èló ló sì yẹ ká san? (Ìyá Ìbejì)

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá ti san án, ẹ gbà á padà. Bí kò bá dá a padà, ẹ kà á sí owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín lọ.

Ẹ má bínú sí ohùn mi. Irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi, orúkọ ìlú nìkan ló ń yí padà. Ó di ọdún mọ́kànlá báyìí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko ní Texas níbí. Èmi ni mò ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀, èmi náà ni mò ń ka iye ọmọ tó wá lójoojúmọ́, èyí tí a ń fi ránṣẹ́ sí ìjọba ìpínlẹ̀ ní Austin. Bí owó ọ̀gá bá wà, ó yẹ kí n ti jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ ní ta ni kí ẹ rí. Kò sí ẹni tí ẹ fẹ́ rí. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé ni pé ọmọ pọ̀, àga kò tó, ẹni tó bá mọ èèyàn ní mínísítírì ni ọmọ tirẹ̀ ń rọ́nà wọlé. Ìgbèríko Texas kò rí bẹ́ẹ̀. Níbí, àga ló pọ̀, ọmọ ló wọ́n. Ẹ̀yin kọ́ lẹ̀ ń wá wọn kiri. Àwọn gan-an ni wọ́n ń wá yín.

Ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ohun tí wọ́n ń pè ní school district, tí èmi ń pè ní ẹkùn ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe ẹ̀ka ìjọba ìbílẹ̀, gómìnà kọ́ ló sì ń yan ọ̀gá rẹ̀. Ìjọba kékeré ni fúnra rẹ̀. Ó ní ààlà tirẹ̀, ó ń gba owó-orí lórí ilé àti ilẹ̀, àwọn ará ìlú ló sì ń dìbò yan ìgbìmọ̀ tó ń darí rẹ̀. Ní Texas, èèyàn méje ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, wọn kì í sì í gbowó oṣù: àgbẹ̀ olówùú, ẹni tó ń tún tírákítọ̀ ṣe, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Àwọn ni wọ́n ń gba superintendent, ìyẹn ọ̀gá àgbà ẹkùn, síṣẹ́, àwọn náà ni wọ́n lè dá a dúró. Irú ẹkùn bẹ́ẹ̀ lé ní 1,000 ní Texas nìkan. Ní gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n tó nǹkan bí 13,000. Àwọn kan wà tí ọmọ wọn lé ní 100,000. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé láti jẹ́lé-ó-sinmi dé kíláàsì kejìlá, gbogbo ọmọ wọn kò kún bọ́ọ̀sì méjì. Superintendent tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ ló ń wa bọ́ọ̀sì láàárọ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀ tán, á wá so táì mọ́rùn. Irú ọ̀gá tí arákùnrin yẹn fẹ́ bá yín fún lówó nìyẹn.

Ibi owó ni irọ́ náà ti máa hàn sí yín jù. Owó-orí ilé àti ilẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kà, ìjọba Texas á fi tirẹ̀ kún un. Ti ìjọba àpapọ̀ ní Washington kéré, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ó sì sábà máa ń ní iṣẹ́ tí wọ́n so mọ́ ọn lọ́rùn, bí oúnjẹ ọ̀sán tàbí ètò fún àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà. (Àwọn ẹkùn tí epo rọ̀bì wà lórí ilẹ̀ wọn tilẹ̀ ń dá owó padà fún ìjọba láti ọdún 1993. Robin Hood ni wọ́n ń pe ètò yẹn. Ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn ni.) Báwo wá ni Texas ṣe ń mọ iye tó tọ́ sí ẹkùn kan? Orí ọmọ ni wọ́n ń kà. Kì í ṣe orí tó wà nínú ìwé o, orí tó wà lórí àga ni. Ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní àkókò tó ń pe orúkọ lójúmọ́. Tiwa jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọmọ tó bá wà níjòókòó nígbà náà, ó wá. Èyí tó bá dé ní aago mọ́kànlá, kò wá. Ìpíndọ́gba àwọn tó wá ni wọ́n fi ń ṣírò owó ọdún.

Láti 2019 títí di 2025, 6,160 dọ́là lórí ọmọ kan lọ́dún ni ìpìlẹ̀ ìṣirò náà. Wọ́n fi díẹ̀ kún un ní 2025. Wọ́n ń yọ níbí, wọ́n ń bù sí i lọ́hùn-ún, n kò ní fi ìyẹn dà yín láàmú. Ẹ ṣáà pín in sí nǹkan bí 170 ọjọ́, yóò fún yín ní dọ́là 36 lójúmọ́. Ọmọ kan tó sùn sílé nítorí òjò ti gbé dọ́là 36 sùn.

Ti ẹkùn tó kéré gan-an tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin Texas ṣàánú àwọn tí ọmọ wọn kò tó 130. Bí wọ́n bá ní kíláàsì dé ìkejìlá, tí àwọn ọmọ tó ń wá kò sì dín ní 90, wọn yóò ṣírò owó fún wọn bí ẹni pé 130 ni wọ́n. Bí wọ́n bá wá já sísàlẹ̀ 90, tí ó sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, àánú yẹn lè bọ́ lọ́wọ́ wọn, àyàfi tí ẹkùn tó ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tó sún mọ́ wọn jù bá jìnnà tó máìlì 30. Mo ti wà níbẹ̀ nígbà tí ìdílé ọlọ́mọ mẹ́rin kan kó kúrò nílùú, gbogbo ọ́fíìsì dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Láti ibẹ̀ lọ̀rọ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ pé kí wọ́n da ilé-ẹ̀kọ́ náà pọ̀ mọ́ ti ìlú kejì. Ìlú tí wọ́n bá sì ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pa, ilé ìtajà rẹ̀ kì í pẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin wá kó ìbejì dé, ẹ tún fẹ́ san 450 dọ́là kí wọ́n tó gbà yín!

Ẹ̀rù ìwé ni arákùnrin yẹn ń tà. Ní 1975, Texas ṣe òfin kan tó fàyè gba àwọn ẹkùn láti kọ ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ní 1977, ẹkùn ìlú Tyler, ní ìlà-oòrùn Texas níbí, ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa san 1,000 dọ́là lọ́dún. Àwọn òbí kan gbé wọn lọ sílé-ẹjọ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà, Plyler v. Doe ni wọ́n ń pè é. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà 1982, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá a pé ẹ kò lè ti ilẹ̀kùn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba mọ́ ọmọ nítorí ìwé. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ìdájọ́ náà ṣì dúró. Tiyín tilẹ̀ kọ́ nìyẹn: ìwé yín wà, ó kàn ń bọ̀ lọ́nà ni. Bí wọ́n bá bi yín ní nọ́ńbà Social Security, ẹ fi ààyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ìpínlẹ̀ ní nọ́ńbà mìíràn tí a ń fún ọmọ dípò rẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni lórí kọ̀ǹpútà mi. Ẹ má sì yá nọ́ńbà ẹlòmíràn lò, láyé.

Ṣùgbọ́n kí ẹlòmíràn má ka èyí kó sọ pé mo ní kò séwu. Ilé-ẹ̀kọ́ kò ní bi yín ní físà. Àwọn elétò ìgbélùú lè bi yín lọ́jọ́ kan. Ẹni tó wá ṣe àbẹ̀wò kò láṣẹ láti kàwé. Ọmọ tó fi físà akẹ́kọ̀ọ́ ti ara rẹ̀ wọlé, òfin 1996 kò gbà á láyè ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba rárá; ti girama, oṣù méjìlá péré ni, yóò sì san gbogbo owó rẹ̀. Ọmọ tó tẹ̀ lé òbí rẹ̀ wá yàtọ̀ síyẹn. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ físà rẹ̀ bá lọ́jú pọ̀, kó wá lọ́yà ìgbélùú gidi lọ, kì í ṣe arákùnrin ṣọ́ọ̀ṣì.

Àdírẹ́sì ẹlòmíràn tí ó fẹ́ fún yín ńkọ́? Ohun tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ibi tí ọmọ ń sùn ló ń sọ ẹkùn tó ni ín. Ẹni tó bá purọ́ sínú fọ́ọ̀mù náà ti dẹ́ṣẹ̀ sí òfin ìpínlẹ̀, ẹkùn sì lè ní kó san owó gbogbo ọjọ́ tí ọmọ fi jókòó sí kíláàsì wọn. Orúkọ yín ló máa wà lábẹ́ fọ́ọ̀mù, kì í ṣe tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ìlú kejì lẹ fẹ́ ní tòótọ́, ẹ lọ síbẹ̀ ní gbangba kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ọmọ ẹkùn mìíràn. Ọ̀pọ̀ ń gbà, ẹ ti mọ ìdí rẹ̀ báyìí. Àwọn kan lè ní kí ẹ sanwó.

Pé ẹ wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ kò dí nǹkan kan. Ìwé owó iná ọ̀rẹ́ yín àti lẹ́tà tó fọwọ́ sí pé ẹ̀ ń gbé lọ́dọ̀ òun máa ń tó. Bó bá jẹ́ pé àìrówó gbalé ló sọ yín síbẹ̀, ẹ sọ ọ́. Òfin ìjọba àpapọ̀ kan wà láti 1987, McKinney-Vento, tó ní kí a gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, bí ìwé rẹ̀ kò tilẹ̀ pé. Gbogbo ẹkùn ló ní ẹnì kan tó ń bójú tó ìyẹn; òun ni yóò sọ bóyá ó kàn yín. Ojú kì í tì wá láti gbọ́ ọ, kó má ti ẹ̀yin náà láti sọ ọ́.

Ìdòwú kò ní wọ kindergarten lọ́dún yìí. Ọmọ gbọ́dọ̀ pé márùn-ún ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án. Kíláàsì ọlọ́dún mẹ́rin wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọmọ tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tàbí tí owó tó ń wọlé fún òbí rẹ̀ kéré, àti fún àwọn mélòó kan mìíràn. Ṣùgbọ́n bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá tó 15 nínú ẹkùn, òfin kò fi dandan mú wọn láti ṣí i. Ẹ ṣáà bèèrè. Nígbà tí fọ́ọ̀mù bá sì bi yín ní èdè tí ẹ̀ ń sọ nílé, ẹ kọ Yorùbá bó bá jẹ́ Yorùbá ni. Àwọn ará wa máa ń kọ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú ìgbéraga, wọ́n rò pé a óò ka ọmọ wọn sí olódo. Ìdánwò kékeré kan ni a ó fún un. Bó bá yege, ó parí síbẹ̀.

Pé ilé-ẹ̀kọ́ náà kéré: bẹ́ẹ̀ ni, ó kéré. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí kíláàsì orin olókùn níbẹ̀, tíṣà kan náà lè máa kọ́ físíìsì kó tún máa kọ́ eré ìdárayá, mẹ́fà-mẹ́fà ni wọn yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà dípò mọ́kànlá. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń lọ lọ́sẹ̀, torí ìṣẹ́jú ni òfin Texas ń kà báyìí, kì í ṣe ọjọ́. Ẹ wádìí ìyẹn kí ọkọ yín tó gba iṣẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n kò ní pé ọ̀sẹ̀ kan tí gbogbo èèyàn ibẹ̀ á ti mọ Táíwò yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé, èyí tí àwọn ìlú ńlá kì í ṣe títí ọdún á fi parí.

Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wọn, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, èsì ìdánwò láti Nàìjíríà, ìwé owó iná ọ̀rẹ́ yín: ẹ kó wọn sínú àpò kan. Bí ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kò bá sí lọ́wọ́, òfin fún yín ní 30 ọjọ́. Abẹ́rẹ́ ni kí ẹ tètè bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gba àkọ́kọ́, a lè gbà wọ́n wọlé kí wọ́n máa gba ìyókù lọ. Bí ẹ bá sì ní láti gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí ẹ sì dá wọn padà sí kíláàsì lọ́jọ́ náà, à ń kà á pé wọ́n wá. Ọ́fíìsì máa ń ṣí ní aago méje ààbọ̀. Bí ẹ bá tètè jí lọ́la, ìbejì lè ti wà lórí àga kí wọ́n tó pe orúkọ.