Ọ̀pá rọ́bà tó ń já nínú SPH: ẹ sún mọ́ ọn kí ẹ wò ó

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ọ̀pá rọ́bà tí ẹ ń fi SPH (smoothed particle hydrodynamics, ọ̀nà ìṣirò lórí kọ̀ǹpútà tó ń fi àwọn ẹ̀kán kéékèèké, ìyẹn pátíkù, dúró fún nǹkan) fà já kó tó gùn dé ibi tó yẹ, ẹ wá ń béèrè bóyá kí smoothing length (bí ọwọ́ pátíkù kan ṣe gùn tó láti kan àwọn aládùúgbò rẹ̀) kúrò ní ìlọ́po 1.2 àlàfo pátíkù, kó di 1.5. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́ kan nọ́ńbà yẹn.

Oṣù márùn-ún ni ọ̀rọ̀ yìí gbà lọ́wọ́ mi. Àlùmíníọ̀mù ni tèmi. Mo fà á, ó já, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pé irin náà ló já. Ọkàn mi ò balẹ̀, mo bá bi ọ̀mọ̀ràn tí àwọn tó ni sọ́fítíwíà náà yàn fún wa. Ó ní kí n fi kún pátíkù. Mo dín àlàfo kù sí ìdajì, pátíkù di ìlọ́po mẹ́jọ, kọ̀ǹpútà fi ọjọ́ mẹ́ta ṣiṣẹ́. Ó tún já, ibòmíràn ló ti já lọ́tẹ̀ yìí. Mo padà lọ bá a, ó ní kí n tún fi kún un! Ó ń bí mi nínú dòní, torí kò fìgbà kan ní kí n wo bí pátíkù ṣe tò.

Òru ọjọ́ kan ni mo sún àwòrán náà mọ́jú. Àwọn pátíkù ti lẹ̀ mọ́ra ní méjì-méjì bí ìbejì, àlàfo gbayawu sì wà láàárín ìbejì kan sí èkejì. Mo pa damage model, apá ìṣirò tó ń sọ ìgbà tí irin máa já; láìsí i, kò yẹ kó lè já mọ́. Ó já síbẹ̀síbẹ̀. Mo jókòó, mi ò lè sọ̀rọ̀.

Tensile instability nìyẹn: ìṣirò fúnra rẹ̀ ló ń dàrú nígbà tí a bá ń fa nǹkan, kì í ṣe irin ló já. Àwọn olùwádìí Swegle, Hicks àti Attaway ti ṣàlàyé rẹ̀ láti 1995. Ìràwọ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe SPH ní 1977, kò sẹ́ni tó ń fa ìràwọ̀ bí ẹní fa rọ́bà. Bí a bá ń fa ohun líle, pátíkù á máa fa ara wọn. Bí méjì bá ṣèèṣì sún mọ́ra díẹ̀, ìfà àárín wọn á tún le sí i, wọ́n á lẹ̀ pọ̀. Artificial stress ti olùwádìí Monaghan, agbára àtọwọ́dá kékeré tó ń ti pátíkù kúrò lára ara wọn, ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ yí padà ni mo ń tún nọ́ńbà rẹ̀ wá.

Total Lagrangian ló yọ mí. Ibi tí pátíkù wà kí ẹ tó fà á ni kí ẹ ti ṣírò kernel (òṣùwọ̀n bí pátíkù kan ṣe ń kan èkejì tó) àti aládùúgbò, ẹ má sì yí i padà mọ́. Ẹ tún gradient kernel náà ṣe, ẹ ṣírò F (deformation gradient, òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe fà tàbí yí ìrísí padà). Ẹ mọ ìyókù.

Tó bá jẹ́ pé ohun tí ẹ ń ṣe máa fọ́ yángá tàbí kó ṣàn bí ẹrẹ̀, ẹ lọ sí MPM (material point method, níbi tí pátíkù ti ń rìn lórí àwọn àpótí ìṣirò), ṣùgbọ́n ẹ lo GIMP, irú MPM tó fún pátíkù ní ìbú, torí nínú MPM lásán, stress (agbára tó ń fà tàbí tó ń tì nínú ohun náà) máa ń ta gìrì nígbà tí pátíkù bá ré ààlà àpótí kọjá. Ẹ ṣọ́ra fún mass scaling pẹ̀lú: ìró ń sáré tó mítà 5000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú àlùmíníọ̀mù, àlàfo mílímítà 1 ò lè gbà ju 0.2 ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lọ fún time step (ìṣísẹ̀ àkókò kan nínú ìṣirò), ó sì máa ń wu èèyàn láti fi ìwọ̀n èké mú ìṣísẹ̀ yẹn gùn sí i kí iṣẹ́ lè tètè parí.

Ẹ̀n-ẹ́n, 1.5 yín: ó lè sún ìjá náà síwájú, kò ní wò ó sàn. Nínú Total Lagrangian, 1.2 tó. Bí stress bá rí wúrúwúrú, pátíkù kan ga, èyí tó tẹ̀lé e rẹlẹ̀, ẹ fi hourglass control (agbára àtọwọ́dá tó ń dá ìṣípòpadà tí ìṣirò ò rí dúró) sí i, ṣùgbọ́n kékeré ni o. Tó bá pọ̀jù, rọ́bà yín á le ju bó ṣe yẹ lọ.