Kí ló dé tí dòdò tó jóná fi ń di èédú?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbé dòdò kaná ní Mushin níbí, mo gbàgbé ẹ̀, ó di èédú. Ọmọ mi ní búrẹ́dì tó bá jóná náà dúdú, ẹran náà dúdú, kí ló fà á? Mi ò mọ èsì. Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn gan-an, ìbéèrè ẹ̀ dùn mọ́ mi. Nǹkan dúdú yẹn, kábọ́ọ̀nù, ọ̀kan nínú àwọn èròjà tó para pọ̀ di nǹkan, ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn náà ló wà tẹ́lẹ̀, bó ṣe wà nínú búrẹ́dì àti ẹran, iná kàn lé omi àtàwọn nǹkan yòókù jáde ni. Ọwọ́ mẹ́rin ni kábọ́ọ̀nù ní, ó lè fi di ara ẹ̀ mú, ó lè fi di àwọn èròjà míì bíi háídírójìn, ọ́síjìn tàbí náítírójìn mú, ìyẹn ló jẹ́ kó lè hun oríṣiríṣi nǹkan bí onídìrí ṣe ń hun irun. Gúlúkóòsì, ìyẹn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wa, kábọ́ọ̀nù 6, háídírójìn 12, ọ́síjìn 6. Tí gúlúkóòsì púpọ̀ bá so kọ́ra, ó di sítáàṣì, èyí tó pọ̀ nínú gàrí àti iṣu. Ẹja tí ẹ rà ní Makoko, náítírójìn wà nínú pùrótéènì tiẹ̀, pùrótéènì yẹn ló ń kọ́ iṣan. DNA, ìyẹn èròjà àbímọ́ inú ara tó jẹ́ káwọn ìbejì yín jọ yín náà, kábọ́ọ̀nù ló gbé e dúró.

Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pé inú afẹ́fẹ́ ni ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti fa kábọ́ọ̀nù yẹn, oòrùn ló fi sè é, afẹ́fẹ́ tí àwa náà mí síta! Ẹ dín òmíràn fún ọmọ o, èyí tó jóná yẹn ti korò.