Lẹbẹ Tí Wọ́n Gé Lára Ẹja

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Àbúrò mi fi ìwọ̀ pa ẹja sámọ́nù kan ní adágún Michigan, ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé lẹbẹ kékeré tó wà nítòsí ìrù rẹ̀. Kí ló dé?

Ìdáhùn: Ibi ọ̀sìn ẹja ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Kí wọ́n tó tú u sómi, wọ́n gé lẹbẹ náà, wọ́n sì sábà máa ń ki wáyà tín-ín-rín kan, tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀, tí kò sì gùn ju mìlímítà kan lọ púpọ̀, bọ imú rẹ̀. Irú àmì yìí, tí ẹja tí wọ́n bí sínú odò kò ní, ló fi hàn pé ó ju ìdajì Chinook, irú sámọ́nù kan, tó wà nínú adágún náà lọ tó jẹ́ pé inú odò ni wọ́n bí wọn sí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dín iye tí wọ́n ń tú síbẹ̀ kù ní 2013, kí àwọn sámọ́nù náà má baà jẹ ẹja wẹ́wẹ́ ibẹ̀ tán. Ẹ jọ̀wọ́, kí àbúrò yín má ṣe sọ orí ẹja náà nù, torí wáyà yẹn lè wà nínú rẹ̀. Kí ó gbé e fún àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbà á.