Báwo ni olùkọ́ ṣe lè ran akẹ́kọ̀ọ́ tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ lọ́wọ́?
Kí olùkọ́ àti òbí ọmọ náà kọ́kọ́ jọ kọ ètò sílẹ̀: àmì tí àìsàn náà fi ń bẹ̀rẹ̀, oògùn tó ń lò, ibi tí oògùn wà àti ẹni tí wọ́n máa pè.

Àìsàn kò rí bákan náà. Ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ máa mu omi dáadáa, ìtọ̀ sì máa ń tètè gbọ̀n ọ́n. Ẹ má dá a dúró tó bá fẹ́ jáde. Ti àtọ̀gbẹ gba pé kéèyàn wà lójúfò. Bí ọmọ tó ń gba insulin (oògùn tó ń dín ṣúgà ara kù) bá ṣàdédé ń làágùn, tó ń gbọ̀n, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò já geere mọ́, ó ṣeé ṣe kí ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ fún un ní ohun dídùn lójú ẹsẹ̀, ẹ má ní kó dá nìkan rìn lọ bá nọ́ọ̀sì. Àmọ́ bó bá ti dákú, ẹ má fi nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ pe àwọn elétò ìlera kíákíá.

Ní ti iṣẹ́ kíláàsì tí ọmọ náà pàdánù nígbà tára rẹ̀ ò yá, ẹ kàn fún un ní kókó ibẹ̀, ìyẹn ti tó. Ẹ má sì sọ̀rọ̀ àìsàn rẹ̀ fáwọn ọmọ kíláàsì láìgbàṣẹ.