Nǹkan funfun tó lẹ̀ mọ́ ara igi obì: ṣé àrùn ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Igi obì bàbá mi kan wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ dé. Nǹkan funfun ti bo ara rẹ̀ bí ẹni fi ẹfun kùn ún, ìlà dúdú wẹ́wẹ́ sì wà nínú àwọn mìíràn. Aládùúgbò wa ní kí n fi àdá họ ọ́, kí n fi kọ́ndẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì pa ibẹ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Láíkìn ni, kì í ṣe àrùn. Ohun ẹlẹ́mìí méjì ló para pọ̀ di láíkìn: ọ̀kan jẹ́ ìbátan olú, òun ni ilé, èkejì jẹ́ irú nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára ògiri tí òjò ń pa, òun ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ. Nígbà tí Simon Schwendener, ará Switzerland, sọ ọ́ lọ́dún 1867 pé méjì ni wọ́n, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ò gbà.

Tiyín ni irú èyí tó lẹ̀ típẹ́típẹ́ bí èépá ojú egbò. Kò ṣeé ṣí láìjẹ́ pé èèpo igi bá a lọ, ojú egbò yẹn sì ni àrùn gidi máa gbà wọlé. Ọ́ìlì náà á tún ba èèpo jẹ́. Àwọn ìlà dúdú yẹn, tó jọ tàwọn tí wọ́n ń pè ní Graphis, ni ibi tó ti ń tú ohun tó fi ń bí sí i dà sáfẹ́fẹ́. Èyí tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ti pẹ́ níbẹ̀ gan-an, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ̀ ju mìlímítà díẹ̀ lọ lọ́dún.

Mo rò pé àfòmọ́ ni aládùúgbò yín fi í pè. Àfòmọ́ ń ki gbòǹgbò bọ ẹ̀ka, ó ń fa omi igi mu. Láíkìn ò ní gbòǹgbò rárá. Òjò, ìrì àti eruku inú afẹ́fẹ́ tó o. Èéfín burúkú a máa pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà inú mi dùn pé ó ń gbé lẹ́yìn ilé yín. Ẹ wo ara àwọn igi ńlá inú Igbó Ọ̀ṣun, níbi tí gígé igi ti jẹ́ èèwọ̀, ẹ ó rí irú rẹ̀.

Ohun kan ló ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Bí igi bá ti ń kú lọ, tí ewé rẹ̀ ń dín kù, ìmọ́lẹ̀ á ráyè wọlé, láíkìn á sì pọ̀ sí i. Wọ́n á wá ní òun ló pa igi. Tí obì yín ò bá so dáadáa mọ́, ẹ wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ń jẹrà, kí ẹ sì gbójú sókè wá àfòmọ́. Tí ẹ bá rí i, ẹ gé ẹ̀ka náà nísàlẹ̀ ibi tó ti wọ igi lára. Ewé rẹ̀ nìkan tí ẹ bá já, yóò tún hù.